Ajíhìnrere Dé Ìdí Àáró

Òkè ló yí Òkè-Ìmẹ̀sí ká, ohun tí ẹnikẹ́ni bá sì fi ariwo ṣe níbẹ̀, òkè á tún un wí. Bí wọ́n bá ń gún iyán nílé wa, odó kejì á máa dún láti ara àpáta, bí ẹni pé aládùúgbò kan wà lókè ọ̀hún tí òun náà ń wá oúnjẹ alẹ́. Ìró ni mo fi ń mọ àkókò, nítorí aago kan ṣoṣo tó wà nílé, ọwọ́ bàbá mi ló wà, bàbá mi sì ń kọ́ni ní apá Ìjerò, ìparí ọ̀sẹ̀ nìkan là ń rí òun àti aago rẹ̀. Ìpè ìrun ni yóò kọ́kọ́ dún láàárọ̀, lẹ́yìn rẹ̀ agogo ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ tó wà nísàlẹ̀ òkè, lẹ́yìn rẹ̀ ìgbálẹ̀ tèmi lójúde, tí Màmá Àgbà á máa sọ láti inú ilé pé ohun tí òun ń gbọ́ yẹn kì í ṣe ilẹ̀ gbígbá, ilẹ̀ ni mò ń rin ní ìgáàkì. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni rédíò Bàbá Múbà. Ọmọ apá Ìwó ni Bàbá Múbà, ó ń tún rédíò ṣe, òun àti ìyàwó rẹ̀ àti Múbàráká ọmọ wọn ni àyálégbé wa ní yàrá méjì tó wà lẹ́yìn. Rédíò tó bá ń tún ṣe á máa ké, á máa han, títí ohùn ẹni tó ń ka ìròyìn láti Àkúrẹ́ yóò fi jáde, nítorí Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni gbogbo wa wà nígbà náà, Àkúrẹ́ sì ni ìjọba ti ń bá wa sọ̀rọ̀. Mo rò pé gbogbo ayé ló ń jí báyẹn.

Ọdún tí mo ń sọ yìí ni ọdún tí màmá mi di àtúnbí. Ìjọ kékeré kan ń pé jọ nínú kíláàsì ilé-ìwé kan lọ́nà Ìdó-Ilé, ẹnì kan pè é lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú kan, ó sì padà wálé pẹ̀lú ojú tó wú fún ẹkún àti ara tó fúyẹ́. Láti ọjọ́ náà, orin ló fi ń fọ abọ́, orin ló fi ń ro ọbẹ̀. Màmá Àgbà, ìyá bàbá mi, ẹni tí wọ́n ti rì bọmi ní ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kí wọ́n tó bí bàbá mi rárá, jókòó sórí àpótí rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń wò ó. "Ìyàwó," ó ní, "ugbà kìíní tí a bí ọ ńkọ́? Kí ló ṣe é?" Èkìtì pọ́ńbélé ni Màmá Àgbà ń sọ, mo ti là á díẹ̀ nínú ìwé yìí kí ó lè yé àwọn tí kò bá a gbé. Màmá mi rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá, inú ẹni kì í dùn ká pa á mọ́ra." Màmá Àgbà ní òun kò sọ pé kó pa á mọ́ra, kó ṣáà má jẹ́ kí ọbẹ̀ jóná. Wọn kò jà lórí rẹ̀. Èmi àti Màmá ń lọ sí ìjọ kíláàsì, Màmá Àgbà ń lọ sí tirẹ̀ nísàlẹ̀ òkè, a sì ń pàdé nídìí iyán lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, olúkúlùkù pẹ̀lú ìwàásù tirẹ̀ nínú.

Mo gbọ́dọ̀ sọ nípa Ìyá Múbà, torí òun ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù lọ. Ẹgbẹ́ ni òun àti màmá mi, wọ́n jọ ń pọn omi, wọ́n jọ ń ṣa igi, wọ́n sì jọ ń fi Bàbá Múbà ṣe yẹ̀yẹ́ pé rédíò gbogbo ìlú ló ń sọ̀rọ̀ àfi tilé rẹ̀. Ọdún méjì ṣáájú, ibà mú àbúrò mi ọkùnrin lọ láàárín ọjọ́ mẹ́rin. Àwọn ará ilé sọ ohun tí wọ́n máa ń sọ, pé omi ló dànù, agbè kò fọ́, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Ìyá Múbà ò sọ nǹkan kan. Ó gbé ẹní rẹ̀ wá, ó tẹ́ ẹ ti Màmá, ó sùn níbẹ̀ fún ọjọ́ méje, òun ló ń fi ṣíbí bu ẹ̀kọ sí i lẹ́nu. Mo rántí pé mo jowú, nítorí n kò mọ ohun tí màmá mi fẹ́ kí n ṣe, Ìyá Múbà sì mọ̀ ọ́n.

Nítorí náà, nígbà tí Màmá di àtúnbí, orúkọ tó kọ́kọ́ gbé wọnú àdúrà ni ti Ìyá Múbà. Ní ìdájí, kí ìpè ìrun tó dún, á kúnlẹ̀ síbi ibùsùn mi, á máa bá Ọlọ́run sọ ọ́ lóhùn tó rò pé ó lọ sílẹ̀. Mo gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan tó ní, "Bí mo bá dé ọ̀run tí n kò bá a níbẹ̀, kí ni mo fẹ́ máa ṣe níbẹ̀?" Ẹ̀rù bà mí, nítorí n kò mọ̀ pé wọ́n ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ báyẹn. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti mọ́, tí òun àti Ìyá Múbà bá jọ wà nídìí omi, gbogbo nǹkan ni wọn á sọ àfi ìyẹn. Ó tó ẹ̀ẹ̀mẹta tí mo rí i tí màmá mi yíjú sí i, tó la ẹnu, tó wá béèrè iyọ̀.

Ìgbà tó yá ni Ajíhìnrere dé. Ọmọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, láti apá Ìjerò, tó ń gun ọ̀kadà wá sí ìjọ wa lẹ́ẹ̀mejì lóṣù pẹ̀lú ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó so mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Kò burú. N kò ní kọ ọ́ bí ẹni burúkú. Ó gbà pé ọjọ́ ti lọ, pé àwọn ènìyàn ń kú láìgbọ́, oorun kò sì lè kùn ún. Ó ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wa jèrè ọkàn kan ṣoṣo kí ọjọ́ Ìkórè tó pé, kí a fà á lọ́wọ́ wá síwájú pẹpẹ lọ́jọ́ náà. Ó ń béèrè lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan màmá mi, ó dìde, ó ní, "Ìyá Múbà." Gbogbo ìjọ ní hálelúyà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló kù sí Ìkórè.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kọjá, Màmá kò tíì sọ nǹkan kan fún un. Bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ àáró Màmá sì pé. Ẹni tí kò bá mọ àáró, kó gbọ́: ó yàtọ̀ sí ọ̀wẹ̀ tí a ń pe gbogbo ẹbí sí. Obìnrin márùn-ún ni wọ́n nínú àáró ẹ̀gẹ́ ti àdúgbò wa. Lónìí gbogbo wọn á bá ẹnì kan bó ẹ̀gẹ́ rẹ̀ títí yóò fi tán, ní ọjọ́ mìíràn wọn á lọ sí ti ẹlòmíràn, títí yóò fi yí gbogbo wọn po. Ẹ̀gẹ́ tí a bá ti wà kì í dúró de ẹnikẹ́ni, ọjọ́ kẹta ó ti ń dúdú nínú, nítorí náà òfin àáró le ju òfin ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Ẹni tó ni ọjọ́ ló ń bọ́ àwọn tó kù. Ẹni tó bá wá kò gbọdọ̀ dìde kí òkìtì tó tán, ì báà ṣe pé ọmọ rẹ̀ ń ké nílé. Obìnrin kan tó dìde lọ nígbà kan nítorí pé ó gbọ́ pé ẹran wọ́n lọ́jà, mo dàgbà, mo ṣì ń gbọ́ tí wọ́n ń fi í ṣẹ̀fẹ̀.

Òfin yìí gan-an ni màmá mi gbójú lé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, bó ti ń pọ́n ọ̀bẹ lára òkúta, ó sọ fún Màmá Àgbà pé òun ti ránṣẹ́ sí Ajíhìnrere kó wá bá wọn sọ̀rọ̀ nídìí ẹ̀gẹ́. Ó ní ní ọjọ́ mìíràn, bí èèyàn bá fẹ́ wàásù, kálukú á rántí pé òun gbé omi kaná. Ọjọ́ àáró nìkan ni wọn yóò jókòó gbọ́ ọ tán. Mo rí i pé inú rẹ̀ dùn sí ọgbọ́n náà. Màmá Àgbà ń yọ okùn ewédú, kò gbé ojú sókè. "Ìyàwó," ó ní, "bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ." Màmá mi ní iṣẹ́ tí wọ́n rán òun kì í ṣe iṣẹ́ ẹrú. Màmá Àgbà ní, "Mo gbọ́. Ẹni tí o ń jẹ́ ẹ fún ńkọ́, ṣé ẹrú ni?" Màmá mi ń dán ọ̀bẹ wò lórí èékánná.

Wọ́n dé ní òwúrọ̀, wọ́n jókòó yí òkìtì ẹ̀gẹ́ ká lábẹ́ àtíbàbà: Ìyá Múbà, Ìyá Àgbẹ̀dẹ tó jẹ́ àgbà wọn, tó sì ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́, àti àwọn méjì mìíràn. Wọ́n ń ṣe yẹ̀yẹ́, èèpo ẹ̀gẹ́ ń fò, èmi àti Múbàráká ń kó èyí tí wọ́n ti bó lọ sínú omi. Ọ̀kadà dún. Ajíhìnrere sọ̀ kalẹ̀, ó kí wọn dáadáa, ó sì tan ẹ̀rọ gbohùngbohùn rẹ̀. Kò sí ẹni tó jìnnà sí i tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá. Ó wàásù títí oòrùn fi kúrò lára ògiri. Ó sọ ti iná, ó sọ ti ayérayé, ó sọ pé ẹ̀sìn kò lè gbani, pé ẹni tó ń ṣe àlùwàlá kírun àti ẹni tó ń wọ aṣọ funfun kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì òkú, ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń tọ̀. Òkè ń tún gbogbo rẹ̀ wí. Mo wo Ìyá Àgbẹ̀dẹ, ọ̀bẹ rẹ̀ ń yára sí i. Níkẹyìn ó ní kí ẹni tó bá fẹ́ gba Jésù na ọwọ́ sókè. Òógùn ń dà sójú Ìyá Àgbẹ̀dẹ, ó gbé apá sókè láti fi nu iwájú orí, tòun tọ̀bẹ. "Mo rí yín, Màmá!" ni Ajíhìnrere pariwo. Àwa ọmọdé rẹ́rìn-ín. Àwa nìkan la rẹ́rìn-ín.

Ẹnikẹ́ni kò dìde. Wọ́n bó ẹ̀gẹ́ náà títí èyí tó kẹ́yìn, wọ́n sì bó o dáadáa, kò sí èèpo tó kù lára ọ̀kan. Màmá gbé iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ wá. Ọ̀kan ní òun yó. Èkejì ní òun náà yó. Ìyá Múbà fọ ọwọ́, ó nù ún. Ìyá Àgbẹ̀dẹ ló sọ̀rọ̀. "Ìyá Bọ́sẹ̀," ó ní, bí wọ́n ti ń fi orúkọ mi pè é, "o kú uṣẹ́ o. Má wulẹ̀ yọ ara rẹ lẹ́nu láti wá sí tiwa. A ti fi ti òní jì ọ́." Màmá mi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n lọ tán tí Màmá Àgbà jáde wo abọ́ iyán tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn, ló là á yé e. "Wọ́n lé ọ ni, ọmọ mi. Ẹni tí a bá fẹ́ràn, a kì í fi àáró jì í." Màmá mi jókòó sórí èèpo ẹ̀gẹ́ pẹ̀lú aṣọ rẹ̀ tó dáa. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni mo mú wá." Màmá Àgbà ní, "Okùn lo fi mú wọn. Ẹni tí kò lè dìde kò gbọ́ nǹkan kan, ó kàn wà níbẹ̀ ni." Mo ti dàgbà ju bí màmá mi ti rí lọ́jọ́ náà lọ báyìí, mo sì ti gbọ́ ìwàásù tó pọ̀, n kò tíì rí ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti tàsé.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ilé wa fi dákẹ́. Rédíò ń ké, odó ń dún, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ ẹ̀rín nídìí omi. Ìyá Múbà ń kí Màmá láàárọ̀, ó ń kí i bí ẹni ń kí àlejò, "Ẹ káàárọ̀ o, ṣé dáadáa lẹ jí?" Ìyẹn ló dun màmá mi ju àáró lọ. Kò jẹun dáadáa. Ní ìdájí, á kúnlẹ̀, á dárúkọ Ìyá Múbà, á wá dákẹ́, bí ẹni tí kò mọ ohun tó tún kàn. Èmi náà ń bínú, n kò sì mọ ẹni tí mò ń bínú sí. Múbàráká kò bá mi ṣeré mọ́.

Ọjọ́ kẹwàá jẹ́ ọjọ́ àáró Ìyá Múbà, ó ku ọjọ́ mẹ́rin sí Ìkórè. Láti ojú fèrèsé la ti ń wo òkìtì ẹ̀gẹ́ lẹ́yìnkùlé. Màmá mi mú ọ̀bẹ rẹ̀, ó gbé àpótí, ó lọ jókòó láàárín wọn. Ọwọ́ gbogbo wọn dúró. "Ta ló pè ọ́?" ni Ìyá Múbà wí. Màmá ní, "Kò sẹ́ni tó pè mí. O bá mi bó tèmi." Ìyá Àgbẹ̀dẹ ní, "A ti fi jì ọ́." Màmá ní, "Ẹ ti fi jì mí, èmi ni n kò gbà." Ó mú ẹ̀gẹ́ kan, ó bẹ̀rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò bá a sọ̀rọ̀ láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi yí, òun náà kò sì dárúkọ Jésù lẹ́ẹ̀kan. Ìka rẹ̀ gé, ó fi etí aṣọ dì í, ó ń bó o lọ. Nígbà tó tán, Ìyá Múbà bu ẹ̀wà àti dùndú sí abọ́ mẹ́ta, ó gbé e fún àwọn mẹ́ta. Ó dúró díẹ̀. Ó bu ẹ̀kẹrin, ó gbé e fún Màmá, ó sì jókòó tì í. Màmá mi ń jẹ ẹ̀wà náà, omijé ń bọ́ sí i, kò nù ún.

Àwọn tó kù lọ. Àwa ọmọdé ń kó èèpo, bí ọmọdé bá sì ń kó èèpo, àgbà á gbàgbé pé ó ní etí. Ìyá Múbà ní, "Kì í ṣe Jésù ló bí mi nínú. Àwa náà mọ̀ ọ́n, Ànábì Ísà là ń pè é. Ògiri amọ̀ ló wà láàárín wa, Ìyá Bọ́sẹ̀. Ojoojúmọ́ ni mò ń gbọ́ orúkọ mi lẹ́nu rẹ ní ìdájí. O sọ fún Ọlọ́run, o sọ fún ìjọ rẹ, o sọ fún ọmọkùnrin tó gbé ẹ̀rọ wá. Èmi nìkan ni o kò sọ fún."

Màmá mi ní, "Ẹ̀rù ló bà mí."

"Ẹ̀rù mi?"

"Ẹ̀rù pé wàá kọ̀. Bí n kò bá tíì sọ ọ́, o kò tíì kọ̀."

Ìyá Múbà ní, "Ẹnu ẹni la fi ń kọ mé jẹ. Ìwọ ò gbé e síwájú mi, o ti ń sunkún pé mi ò jẹ. Ó dáa. Sọ ọ́ báyìí."

Màmá mi sọ ọ́. Kò sọ ti iná. Ó sọ ti ọmọ rẹ̀ tó kú, pé lọ́jọ́ tí òun wọ inú kíláàsì yẹn, nígbà tí wọ́n ń kọrin, ó dá òun lójú pé ọmọ náà kò sọnù, pé ọwọ́ ẹnì kan ló wà, pé òun mọ orúkọ ẹni náà. Ó ní, "Ìwọ lo bá mi sùn lórí ẹní nígbà tó lọ. Mo fẹ́ kó o wà níbẹ̀ nígbà tí mo bá tún rí i." Ìyá Múbà fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, kò dá a dúró. Ó wá ní, "Mo ti gbọ́, ó sì wọ̀ mí létí. Mi ò ní wá. Bí bàbá mi ti kírun kú lèmi náà á kírun kú. Ṣùgbọ́n má yọ orúkọ mi nínú àdúrà yẹn o. Èmi náà ń dárúkọ rẹ nínú tèmi." Ni wọ́n bá jọ gbé agbọ̀n ẹ̀gẹ́ náà sórí, wọ́n ń lọ sídìí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́, mo sì gbọ́ tí wọ́n ń fi Bàbá Múbà ṣe yẹ̀yẹ́ lójú ọ̀nà. Ní ọjọ́ kejì, Ìyá Àgbẹ̀dẹ ránṣẹ́ pé ọjọ́ Ajé ni àáró tòun, kí Ìyá Bọ́sẹ̀ má pẹ́ dé.

Ọjọ́ Ìkórè pé. Ìjọ kún títí dé ojú fèrèsé, iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà níwájú pẹpẹ. Ajíhìnrere ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Obìnrin kan fa ọkọ rẹ̀ jáde. Ọkùnrin kan mú ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ wá, tó ń wo ilẹ̀. Nígbà tó kan màmá mi, ó jáde lóun nìkan, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣófo, ó dúró láàárín wọn. Ojú tì mí gidigidi lọ́jọ́ náà, mo fẹ́ wọ abẹ́ bẹ́ǹṣì. Kò tì mí mọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Ajíhìnrere wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹnì kan ń bọ̀. "Ìyá Bọ́sẹ̀," ó ní, "ọkàn tiyín dà?"

Màmá mi ní, "Mo fi ẹnu ara mi sọ fún un. Ó fi ẹnu ara rẹ̀ dá mi lóhùn pé rárá."

Ajíhìnrere ní, kò sì fi ìbínú sọ ọ́, pé kí ó má rẹ̀ ẹ́, kí ó tún padà sọ́dọ̀ obìnrin náà.

"Màá padà," ni màmá mi wí. "Àwa méjèèjì la jọ ń lọ bó ẹ̀gẹ́ lọ́la."